Classical tí wọ́n ń pè yìí, kí ni gan-an? Ọ̀rọ̀ sí òbí tó ń wo háísíkúù Àgùdà fún ọmọ ní Amẹ́ríkà

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Maryland pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday kan, kò tiẹ̀ kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí rojọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. A ti rí sukúù kan fún ọmọkùnrin yìí, háísíkúù Àgùdà ni, ibẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kí èèyàn, àmọ́ wọ́n ní classical ni. Ṣé orin ni wọ́n á máa kọ́ wọn ni? Bàbá ẹ̀ sì ti ní òun ò ní sanwó kí ọmọ òun máa lọ kọ́ èdè òkú." Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ kí n má parọ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà tó kàn mí, odindi ọdún kan ni mo fi ka oríṣiríṣi ìwé pélébé tí gbogbo wọn ń pariwo òtítọ́, ẹwà àti ìwà rere, tí kò sí ìkankan tó sọ ohun tí ọmọ á máa ṣe laago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí, mo ti wá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ṣá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀. Classical níbí ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Mozart, kò sì túmọ̀ sí pé sukúù ọ̀hún ti gbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì pé ogún ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ọ̀nà ìkọ́mọ ayé àtijọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn, èyí tó wá látọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì àti ará Róòmù, tí Ìjọ Àgùdà gbà tọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹ̀kọ́ méje ló wà ńbẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní trivium: gírámà, lójíìkì, rẹ́tọ́ríìkì, ìyẹn bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́, bí èrò kan ṣe ń tẹ̀lé òmíì láìṣìnà, àti bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ àwọn èèyàn lára. Mẹ́rin yòókù ni quadrivium: ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì, orin, ìmọ̀ ìràwọ̀. (Orin wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbúrò mi ò kúkú jìnnà sí i.)

Ní 1599 àwọn Jesuit, ìyẹn ẹgbẹ́ àlùfáà Àgùdà kan, gbé ìwé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Ratio Studiorum, ibẹ̀ ni wọ́n to gbogbo ẹ̀ sí, látorí Látìn dé fìlọ́sọ́fì dé ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, ìwé yẹn ló sì darí ilé ìwé wọn káàkiri ayé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ọ̀pọ̀ sukúù Àgùdà ní Amẹ́ríkà ti ń fara jọ sukúù ìjọba, wọ́n kàn fi kíláàsì ẹ̀sìn àti yúnífọ́ọ̀mù kún un ni. Ẹni tí gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ pé ó dá ọ̀rọ̀ yìí padà ni Dorothy Sayers, òǹkọ̀wé ará England, tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ní Oxford ní 1947, ó ní ẹ̀kọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn bá bí ọmọ ṣe ń dàgbà mu: ọmọ kékeré fẹ́ràn kó máa há nǹkan sórí, tó bá dàgbà díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, tó bá tún dàgbà sí i á fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ìyá yìí o, kì í ṣe Àgùdà, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e rù ní Amẹ́ríkà. Mo ń sọ èyí torí pé tí ẹ bá rí "classical Christian" lára pátákó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ní Mísà kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn sukúù charter tó jẹ́ classical wà, tí ìjọba ń sanwó wọn àmọ́ tí kì í ṣe ìjọba fúnra ẹ̀ ló ń darí wọn, bíi Great Hearts ní Arizona, wọ́n ń ka Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, wọ́n ń ṣe Látìn, àmọ́ kò sí ẹ̀sìn níbẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ti Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìpẹ́ yìí. Chesterton Academy àkọ́kọ́ ṣí ní Minnesota ní 2008, ó sì ti wá di ẹgbẹ́ sukúù púpọ̀. Ní Hyattsville, Maryland níbí, St. Jerome, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kógbá wọlé torí ọmọ ò pọ̀ mọ́, ní 2010 wọ́n yí i sí classical, àwọn èèyàn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wá. Àwọn tó rí ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa bi ara wọn pé ṣé àwọn náà ò lè ṣe é.

Ó ku ọ̀rọ̀ "Àgùdà" fúnra ẹ̀, ibí yìí ò ní gba àkókò púpọ̀ àmọ́ ẹ má fò ó. Òfin Ìjọ, canon 803, ní kò sí ilé ìwé tó gbọ́dọ̀ máa pe ara ẹ̀ ní sukúù Kátólíìkì láìjẹ́ pé aláṣẹ Ìjọ tó yẹ fọwọ́ sí i, bíṣọ́ọ̀bù àgbègbè yẹn ló sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ sukúù classical jẹ́ èyí tí àwọn òbí dá sílẹ̀ fúnra wọn, kì í ṣe ti dáyósíìsì, ìyẹn àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń darí. Àwọn kan ti gba ìwé bíṣọ́ọ̀bù, àwọn kan ń sọ pé àwọn wà "ní àṣà Àgùdà", ọ̀rọ̀ méjèèjì ò dọ́gba o. Ẹ bi wọ́n tààrà pé ṣé bíṣọ́ọ̀bù mọ̀ yín, fádà wo ló ń wá ṣe Mísà, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀. Èyí tó tún ṣe pàtàkì lójú tèmi: tí ọ̀gá sukúù bá ṣe ohun tí kò dáa, ta ló wà lókè ẹ̀ tí òbí lè lọ bá? Níbi tó bá jẹ́ pé ọ̀gá ló dá sukúù sílẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀ ń gba owó, tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì jẹ́ alága board, èmi á rora.

Fún àwa tí a kì í ṣe Àgùdà, tí a jẹ́ Áńgílíkà tàbí Sẹ̀lẹ́ tàbí Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba ọmọ yín. Ọmọ á bá wọn jókòó ní Mísà, kò ní gba kòmúníọ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ dájú pé kíláàsì ẹ̀kọ́ Ọlọ́run wọn kì í ṣe "ẹ jẹ́ ká wo ohun tí onírúurú ẹ̀sìn gbà gbọ́", wọ́n á kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ ni, wọ́n á sì ṣe ìdánwò lórí ẹ̀. Tí ìyẹn bá máa di ìjà nílé, ẹ jà á kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù.

Ó yá, ọjọ́ Tuesday, aago mẹ́wàá.

Látìn ni. Tíṣà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: Canis puerum mordet. Ajá ń bu ọmọkùnrin jẹ. Ó wá yí ọ̀rọ̀ sẹ́yìn sẹ́yìn: Puerum canis mordet. Ọmọ tó ń kánjú á ní "ọmọkùnrin ń bu ajá jẹ", irọ́ ni, ajá náà ṣì ni oníjàgídíjàgan, torí -um tó wà nídìí puer ló fi hàn pé òun ni wọ́n ń bù jẹ, ibi yòówù tí ẹ bá gbé e sí. Kí ọmọ tó lè bu ajá jẹ, ó di puer canem mordet. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ ní Yorùbá, ajá bu ọmọ jẹ, ọmọ bu ajá jẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ yí i báyìí ó ti di ìròyìn. Ohun tí Látìn ń ṣe fún ọmọ ò ju ìyẹn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀: kò jẹ́ kó fojú fo ọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ wo ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èdè òkú ni lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa fi ra nǹkan lọ́jà. Ọmọ tí ìwàdùwàdù ti mọ́ lára nídìí fóònù á jìyà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ ìyà yẹn gan-an lẹ ń wá.

Lẹ́yìn ẹ̀, jiọ́mẹ́tírì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ìwé Euclid, Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ́ ọ. Ọmọ dìde, ó lọ síwájú bọ́ọ̀dù, ìlà kan wà níbẹ̀, A sí B. Wọ́n ní kó ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kò gbọ́dọ̀ wọn nǹkan kan. Ó ya róbótó tí àárín ẹ̀ jẹ́ A tó gba B kọjá, ó ya òmíì tí àárín ẹ̀ jẹ́ B tó gba A kọjá, ibi tí méjèèjì ti pàdé ni C. Ó so wọ́n pọ̀. Ó parí àbí? Kò tíì parí. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n dọ́gba?" Ó gbọ́dọ̀ là á sílẹ̀ pé AC bá AB dọ́gba torí inú róbótó kan náà ni wọ́n wà láti àárín, BC náà bá BA dọ́gba, ohun méjì tó bá sì dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀kẹta dọ́gba fúnra wọn. Tí kò bá lè sọ ọ́ á padà lọ jókòó, òmíì á dìde. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ẹ tún un wò.

Ọ̀sán ni sẹ́mínà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwa Yorùbá dúró sí dáadáa. Ọmọ bíi méjìlá jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ti ka Antigone, eré Gíríìkì àtijọ́ kan, délé. Ẹni tó bá mọ eré Ọlá Rótìmí níbi tí Ọdẹ́wálé ti pa bàbá ẹ̀ láìmọ̀, ìdílé kan náà nìyẹn, Oedipus ni Ọdẹ́wálé, Antigone sì ni ọmọ Oedipus. Ọba Creon ní kẹ́nikẹ́ni má sin Polynices torí ó gbógun ti ìlú, Antigone tó jẹ́ arábìnrin ẹ̀ lọ bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí. Tíṣà bèèrè pé, "Ta ló jẹ̀bi?" ó sì panu mọ́. Ó lè panu mọ́ fún ìṣẹ́jú ogójì. Àwọn ọmọ ló máa bá ara wọn fà á, wọ́n á máa sọ pé "ní ojú ìwé yìí ó sọ báyìí, torí náà mi ò gbà pẹ̀lú ẹ."

Ọmọ tèmi ò sọ̀rọ̀. Oṣù méjì gbáko. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé èsì pé kì í dá sí ọ̀rọ̀, máàkì ẹ̀ sì já wálẹ̀, èmi bá gbéra pẹ̀lú ìbínú lọ bá tíṣà. Ìyá yẹn fara balẹ̀ bi mí pé, "Nílé yín, tí ẹ bá sọ nǹkan tí kò tọ̀nà, kí ni ọmọ yín máa ń ṣe?" Mi ò lè dáhùn. Ọmọ tí a ti tọ́ pé kó má bá àgbà jiyàn, pé tí bàbá bá ti sọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀ ti tán, a wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní máàkì torí pé ó ta ko tíṣà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìwà àrífín? A ní láti pè é jókòó, a sọ fún un pé níbẹ̀ o lè sọ pé "mi ò gbà", o kàn máa sọ ìdí ẹ̀ ni, tó o bá délé, máa fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" ṣáájú ẹ̀. Ó ń ṣe é báyìí. Ó ń ṣe é jù.

Ta ni irú sukúù yìí wá bá lára mu? Èrò wa ni pé ọmọ tó mọ̀wé jù ni, mi ò gbà. Mo ti rí ọmọ tó ń gba 98 látẹ̀yìnwá torí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń há ìwé sórí lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò, tí gbogbo ẹ̀ dojú rú fún un, torí kò sí ẹni tó fún un ní ìwé kékeré tí wọ́n ti to ìdáhùn sí, ìdánwò ẹ̀ sì lè jẹ́ kó dúró kó máa sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sì ti rí ọmọ tí kì í yára kàwé, tó máa ń kà á lẹ́ẹ̀mejì, tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè títí orí á fi fọ́ni, ó rí ilé síbẹ̀. Ọmọ tó lè gbà kí nǹkan má yé òun fún ọjọ́ mẹ́ta láìbínú jù ú nù, òun ni. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ kì í dúró, tó fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì, tó fẹ́ bọ́ọ̀lù tó ní kóòṣì àti pápá tó dáa, ẹ wò ó dáadáa, torí sukúù tí gbogbo ọmọ inú ẹ̀ ò ju ọgọ́ta lọ ò lè ní gbogbo ìyẹn.

Àwọn kan sì wà, mo mọ̀ wọ́n, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ pé ẹ̀rù sukúù ìjọba ló ń lé wọn lọ. Fóònù, sìgá ẹlẹ́tíríìkì, ọ̀rẹ́kọ́rẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ sukúù yìí ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ láàárọ̀, òótọ́ ni, wọ́n sì ń dá a padà lọ́sàn-án. Tíṣà Látìn kì í ṣe ọlọ́pàá.

Àwọn ohun tí wọn ò ní kọ sínú ìwé pélébé ńkọ́? Tí ọmọ yín bá ní IEP ní sukúù ìjọba, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ tó ní ìṣòro kan tó ń dí ẹ̀kọ́ ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ gbọ́ o: IDEA, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ló fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn, tí ẹ bá ti fúnra yín mú un lọ sí sukúù aládàáni, ẹ̀tọ́ ọ̀hún ò tẹ̀ lé e lọ bó ṣe wà. Ìjọba àgbègbè ṣì lè fún un ní ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní services plan, àmọ́ wọn ò jẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní gbèsè ẹ̀. Torí náà ẹ bi sukúù pé ta ló ń ran ọmọ tí ìwé kíkà nira fún lọ́wọ́ níbí, kí ẹ sì bá ẹni yẹn gan-an sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé "a máa gbàdúrà sí i, a máa rí sí i" ni wọ́n ń sọ, ìdáhùn nìyẹn.

Matimátíìkì: níbo ló parí sí? Àwọn kan dé calculus, ìṣirò tó ga jù ní háísíkúù, àwọn kan dúró kó tó débẹ̀, ọmọ tó fẹ́ ṣe enjiníà gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. AP, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìpele yunifásítì tí ọmọ ń ṣe ní háísíkúù, ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù, torí yunifásítì máa ń wo ohun tí sukúù náà ní, ìwé kan wà tó ń jẹ́ school profile tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì ọmọ, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Wọ́n á sọ fún yín nípa CLT, ìdánwò àtiwọ yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, 120 ni máàkì tó ga jù, ìwé àtijọ́ ni wọ́n sì ń fi bi ìbéèrè. Àwọn yunifásítì ìjọba ní Florida ti ń gbà á láti 2023, àmọ́ ibi tí wọn ò ti gbà á ṣì pọ̀, kí ọmọ ṣe SAT tàbí ACT náà, àwọn ìdánwò àtiwọ yunifásítì tó wọ́pọ̀, kó sinmi. Tó bá jẹ́ ọmọ tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù tó fẹ́ gba owó ẹ̀kọ́ fún un, NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ń béèrè kọ́ọ̀sì 16 tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sukúù yín wà lórí àkọsílẹ̀ wọn, torí kọ́ọ̀sì tí orúkọ ẹ̀ ṣàjèjì lè má sí níbẹ̀.

Owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá ti ń tọ́jú owó sí 529, ìyẹn àkáǹtì tí wọ́n fi ń tọ́jú owó ẹ̀kọ́ ọmọ, ìjọba àpapọ̀ ti gbà kí èèyàn yọ tó $10,000 lọ́dún fún owó sukúù ọmọ kan kó tó dé yunifásítì, láti 2018, láti 2026 ó di $20,000, àmọ́ owó orí ìpínlẹ̀ yín lè má rí i bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè. Arizona láti 2022, Florida láti 2023, ti ṣí owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ìdílé láìka iye tó ń wọlé fún wọn sí. Maryland ò tíì débẹ̀. Ẹ sì béèrè ẹ̀dínwó láìtijú, àwọn sukúù yìí mọ̀ pé àwọn olówó nìkan ò lè kún kíláàsì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá pe gbogbo ayé wá wo sukúù, ẹ lọ, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣèpinnu, ilé gbogbo ló ń mọ́ lọ́jọ́ àlejò. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ yín lo odindi ọjọ́ kan nínú kíláàsì, kí ẹ̀yin náà jókòó lẹ́yìn fún wákàtí kan. Ẹ wo bí tíṣà ṣe ń ṣe sí ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹ bèèrè fún àròkọ ọmọ tó wà láàárín, kì í ṣe ti ọ̀gá kíláàsì, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe máàkì ẹ̀.

Èyí tí mo sọ fún àbúrò mi kẹ́yìn ni kó wá ìwé kan ṣoṣo kà pẹ̀lú ọmọ náà nílé, láìsí máàkì, láìsí ẹ̀bùn. Mo ní kó mú ìwé Confessions ti Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, ibi tó ti sọ bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ṣe lọ jí píà lórí igi aládùúgbò lóru nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. (Píà òyìnbó o, kì í ṣe èyí tí a fi ń jẹ búrẹ́dì.) Ọmọ Áfíríkà ni bàbá yìí, Thagaste tó wà ní Àlùjéríà òde òní ni wọ́n ti bí i. Ebi ò pa á, ó ní píà tó dáa ju ìyẹn lọ nílé, ó sì ń da ara ẹ̀ láàmú ní ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé pé kí ló wá dé tí òun jí i. Ẹ kà á, mo ní, kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin náà ka ojú ìwé kan, ó béèrè iye tó kù, ó béèrè bóyá sukúù yẹn ní eré sísá, ó gbé ìwé sórí tábìlì. Inú bàbá ẹ̀ ti ń dùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àbúrò ẹ̀ obìnrin, èyí tó wà ní kíláàsì kẹfà, òun ló mú un níbẹ̀, láti àná ló ti ń yọ mí lẹ́nu pé tí wọn ò bá jẹ píà yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe. Èmi ò tíì kà á débẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe?"

Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n jù ú sí. Mo gbọ́ tó pariwo ẹ̀ sínú yàrá fún un, ọmọ náà sì pariwo padà pé, "Kí ló dé?"